Ẹ̀dọ̀ Tí Màmá Felicia Àṣàkẹ́ Afọlábí Pín fún Ọmọ-ọmọ Wọn

Ìtàjí-Èkìtì ni a ti bí Màmá wa, Felicia Àṣàkẹ́ Afọlábí, ní ọdún 1945, sí ìdílé Bàbá Jacob Ọmọ́tọ́lá, àgbẹ̀ oníṣu. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n sí ọmọ 1949, ẹ má bínú. Nígbà tí Màmá ń wá iṣẹ́ ìjọba ní 1972, wọ́n lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù, ọdún mẹ́rin sì já bọ́ lójú ọ̀nà.

Màmá fẹ́ Olóògbé Wọlé Afọlábí ní ìjọ Áńgílíkà ní 1969. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Màmá ṣe fún ìjọba ìbílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní 2000.

Ní 1998, Ọdúnayọ̀, àkọ́bí wọn tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀n, bí Ìtùnúolúwa. Ojú ọmọ náà pọ́n bí ìyeyè, kò mọ́ rárá. Màmá ní ibà pọ́njú lásán ni, wọ́n sì fi ìgò àgbo mẹ́ta ránṣẹ́! Àwọn dókítà ní àbímọ́ ni: ẹ̀dọ̀ ọmọ náà kò lè fọ ìdọ̀tí kan kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, bí ìdọ̀tí náà bá sì dé ọpọlọ, ọmọ lè kú. Ẹ̀dọ̀ ẹlòmíràn nìkan ló lè wò ó sàn. Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Ìyá rẹ̀ sì wà nínú oyún Joy, àbúrò rẹ̀. Màmá ní àwọn ń bọ̀.

Ní 2001, ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀n kì í gba ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ju ọdún márùndínlọ́gọ́ta lọ. Màmá ti pé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ṣùgbọ́n méjìléláàádọ́ta ni páásípọ́ọ̀tù wọn wí! Ìdílé tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n a ò kábàámọ̀. Nígbà tí àwọn dókítà tún ń ka ewu iṣẹ́ abẹ náà lẹ́ẹ̀kẹta, Màmá dáhùn pé, “Mo ti múra láti ulé wá, ẹ ṣe uṣẹ́ yín!” Wọ́n gé díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ Màmá fún ọmọ. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ojú Ìtùnúolúwa ti mọ́ kedere! Ẹ̀dọ̀ Màmá náà sì hù padà. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé wọ́n lu agogo ìjọ ní Ìtàjí lọ́sàn-án Ọjọ́rú.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú Màmá lọ ní oṣù kẹta 2009. Wọ́n fi Ọdúnayọ̀, Olúkáyọ̀dé àti Bùkọ́lá sáyé, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ méje. Ìtùnúolúwa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ni yóò ka Bíbélì lónìí. Bó bá dìde, ẹ bá wa pàtẹ́wọ́, nítorí ẹ̀dọ̀ Màmá ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀.

Màmá, ẹ sùn re o. Gbogbo yín kọ́ la ń sin.