Lọ́ọ̀kì Abẹ́ Ọ̀rọ̀

Ilé wa ní Ajégúnlẹ̀,
Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Tiwalọlá ọmọ mi, Àwẹ̀ró, ọmọ tí mo bí tí ayé ń pè ní àbúrò mi torí pé bàbá ẹ ò tètè gbó, mo kí ẹ o. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹ̀rọ amúlétutù àǹtí ẹ ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Àwa níbí wà láàyè, a sì ń dúpẹ́. Ọlọ́hun tó fi ẹ́ sí ilé tí iná kì í ti í lọ ní Apapa, á tan iná sínú orí ẹ náà. Màmá ẹ kí ẹ, ó ní kí o máa jẹun, kí ìwé má baà jẹ ẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá rẹ́rìn-ín pé mò ń kọ lẹ́tà bí bàbá tó wà lábúlé, nígbà tó jẹ́ pé tí mo bá sín ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n lè kí mi pẹ̀lẹ́ ní Apapa. Ṣùgbọ́n àǹtí ẹ Morìnsọ́lá ti gba fóònù lọ́wọ́ ẹ títí ìdánwò á fi kọjá, ó sì ní kí n má wá, pé tí mo bá wá, ariwo mi ò ní jẹ́ kí o kàwé. Àbí o ò rí nǹkan! Èmi Àṣírù Ọ̀nà-Kan-Ò-Wọjà, tí gbogbo awakọ̀ èbúté Tin Can ń dákẹ́ tí mo bá ń sọ̀rọ̀, tí mò ń wá àyè fún tírélà níbi tí eṣinṣin ò ti ráyè bà!

Ohun tó jẹ́ kí n mú bírò ni pé Morìnsọ́lá pè mí níjẹta, ó ní o sọ pé o ò lọ síbi ìdánwò Sátidé yìí mọ́. Ìdánwò àkànṣe tí yunifásítì yẹn fúnra ẹ̀ ń ṣe kí wọ́n tó mú ẹ wọlé, kì í ṣe èyí tí gbogbo ayé ń ṣe! Mi ò ní pariwo. Mo ti pariwo tán níjẹta, àwọn ará ilé ti bá ẹ gbọ́ tìẹ. Fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú ìwé ìbéèrè tó o gbàgbé sórí fìríìsà wa.

Ebikabowei télọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa, tó ka sẹ́kọ́ńdìrì tán, ló ń kà á fún mi, tó ń túmọ̀ ẹ̀ sí píjìn. Ó ní orúkọ apá ibẹ̀ ni kírítíkà rísínìn. Ẹ̀rù bà mí. Ṣebí ọsibítù ni mo ti gbọ́ kírítíkà, ìgbà tí wọ́n ní ọ̀rọ̀ bàbá Nnaemeka aládùúgbò wa ti di kírítíkà, bàbá ò sì mọ́jú. Mo ní há, wọ́n fẹ́ fi ìbéèrè dá ọmọ mi dùbúlẹ̀! Ebikabowei ní Bros, calm down, pé ọ̀rọ̀ àròjinlẹ̀ lásán ni.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìlú kan ṣe títì tuntun, jàǹbá ọkọ̀ wá pọ̀ sí i, àwọn kan wá ní títì náà ò dáa. Wọ́n ní èwo nínú àwọn ìdáhùn ló máa gba agbára lọ́wọ́ àgúmẹ́ǹtì náà. Mo rẹ́rìn-ín. Àgúmẹ́ǹtì kẹ̀? Iṣẹ́ mi rè é! Tí awakọ̀ méjì bá ń ṣe àgúmẹ́ǹtì torí àyè, ta ni wọ́n ń pè kó wá tú u ká? Kíá ni mo mú èyí tó ní àwọn tó ṣe títì náà ti gbà láti padà wá tún un ṣe. Ìjà parí, kí kálukú máa lọ sílé ẹ̀. Ebikabowei wo ẹ̀yìn ìwé, ó ní mo gba òdo, pé èyí tó ní ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ ti pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Mo ní báwo nìyẹn ṣe pẹ̀tù sí ẹnikẹ́ni nínú? Mo ní ẹni tó kọ ìwé yẹn ò jà rí láyé ẹ̀. Ó kù díẹ̀ kí èmi àti Ebikabowei fúnra wa wọ àgúmẹ́ǹtì.

Ìgbà yẹn ni mo pè ẹ́, kí àǹtí ẹ tó gba fóònù. Ṣé o rántí ohun tó o sọ? O ní Dádì, ẹ gbọ́, kì í ṣe ìjà. O ní ọ̀rọ̀ kan ló gun orí ọ̀rọ̀ míì, pé kí n yé wo ohun tí wọ́n sọ, kí n wá ohun tí wọn ò sọ tó gbé e dúró. Tí n bá ti fa ìyẹn yọ, ó máa wó.

Tiwalọlá, mo jókòó sílẹ̀. Orí mi wú. Ṣebí kọ̀ǹténà lò ń sọ yẹn! Gbogbo ayé ń wo kọ̀ǹténà gàgàrà lórí tírélà, kò sẹ́ni tó ń wo àwọn lọ́ọ̀kì kéékèèké abẹ́ ẹ̀ tó dì í mú. Tí wọn ò bá ti lọ́ọ̀kì yẹn, kó dé kọ́nà Ijora, kọ̀ǹténà ti di ará ilẹ̀. Látìgbà tí mo ti ń wo kọ̀ǹténà, ọmọ tí mo gbé kọ́ èjìká ló wá sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà ní lọ́ọ̀kì. Irú orí wo ni Ọlọ́hun fún ẹ? Ta lo fi jọ? Èmi ni, ṣùgbọ́n eléyìí ti pọ̀ jù mí lọ.

Látọjọ́ náà mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán mọ́. Ọkùnrin kan gbé àgbo wá láti Amukoko, ó ní àgbo òun wo ẹ̀yìn ríro ọkùnrin kan sàn, pé látìgbà tó ti mu ún, kò ráhùn mọ́ rárá. Gbogbo èèyàn ń tọwọ́ bàpò. Mo ní ẹ dúró ná, ṣé ọkùnrin yẹn ṣì wà láyé? Alágbo gbé kẹ́ẹ̀gì ẹ̀, ó lọ. Màmá ẹ náà ní ẹran pòórá nínú ìkòkò, pé èmi nìkan ni mo wà nílé, torí náà èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo ní ohun tí kò sọ ni pé ológbò ò wọlé. Ó ní ohun tí òun ò sọ gangan ni pé mi ò ní jẹun alẹ́ nínú ilé yẹn. Lọ́ọ̀kì tiẹ̀ le ju tèmi lọ.

Ó yá, jẹ́ ká wo tìẹ. Morìnsọ́lá ní ò ń sunkún, pé o ní kò sí ọmọ àdúgbò wa kankan tó yege ìdánwò yẹn rí, nítorí náà ìwọ náà ò ní yege. Nígbà tó sọ ọ́, ó kù díẹ̀ kí n gbà á, torí ó dún bí òótọ́. Lẹ́yìn náà mo ní, Àṣírù, wo abẹ́ ẹ̀. Lánàá mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé, mò ń bèèrè ta ló ṣe ìdánwò náà rí tí kò yege. Ìyá Onyinyechi ní ọmọ òun fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n ó kọ́ṣẹ́ irun. Uche ní orúkọ ìdánwò náà ò tiẹ̀ kan òun létí rí. Pásítọ̀ ní òun ti gbàdúrà fún àwọn tó fẹ́ ṣe é, ṣùgbọ́n lẹ́yìn àmín, wọn ò lọ. Mo rìn títí ẹsẹ̀ dùn mí, mi ò rí ẹnì kan ṣoṣo. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó yege. Kò sẹ́ni tó lọ náà ni! Ariwo tí mo pa lójú títì, wọ́n rò pé mo jẹ tẹ́tẹ́ ni.

Ebikabowei, tí kì í jẹ́ kí inú èèyàn dùn pẹ́, ní kí n rọra, pé ìyẹn ò sọ pé wàá yege o. Òótọ́ ló sọ. Mi ò mọ̀ bóyá wàá yege. Kò sóhun tí mi ò lè fọ́nnu lé lórí, ṣùgbọ́n eléyìí ń bà mí lẹ́rù, mi ò rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò tíì sẹ́ni tó fìdí rẹmi níbẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà náà ò ní ojú ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni, kò ní ti ẹni tó lọ, kò ní ti ẹni tó padà. Tó o bá lọ tí kò bọ́ sí i, ìgbà yẹn làdúgbò wa ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ní ẹnì kan tó mọ bí ibẹ̀ ṣe rí.

Àwọn bàbá máa ń fi owó parí lẹ́tà, èmi náà ò ní ba àṣà jẹ́. Tó o bá di èèyàn ńlá, mọ́tò ni mo fẹ́. Ní báyìí, bá mi tọrọ dátà díẹ̀ lọ́wọ́ àǹtí ẹ, má sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Ọlọ́hun á la ojú ẹ níwájú kọ̀ǹpútà yẹn. Ìbéèrè tó bá le á rọ̀ fún ẹ bí ẹ̀bà gbígbóná. Ẹ̀rù ò ní bá ẹ pín àga jókòó.

Oghenekevwe tó ń fi ọkọ̀ gbé omi wá sílé àǹtí ẹ ló mú lẹ́tà yìí dání. Mo ní kó má kúrò níbẹ̀ láìgbọ́ ohùn ẹ. Kí omi tó kún táńkì, jáde sí i, kí o sọ fún un pé ò ń lọ síbi ìdánwò. Mi ò wá àyè fún tírélà kankan lónìí títí á fi padà dé.

Èmi ni bàbá ẹ,
Àṣírù.