Sílíńdà Òkè ti Kú, Má Gbé Ọkọ̀ Jáde

Àbúrò,

Má wulẹ̀ wá abẹ̀bẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kiri. Mo ti tú u, ó wà nínú báàgì tí mò ń gbé lọ síbi iṣẹ́.

Láàárọ̀ yìí tó ò ń hanrun, mo gbé ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì Bàbá sínú dúrọ́ọ̀mù omi lẹ́yìnkùlé, mo fa okùn, ó dáhùn. Mo yọ wáyà púlọ́ọ̀gì ìsàlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó kú. Mo dá a padà, mo yọ ti òkè, kò tiẹ̀ mọ̀ pé mo yọ nǹkan kan. Kì í ṣe púlọ́ọ̀gì tó ò ń pariwo ẹ̀ o. Iná ń ta lẹ́nu méjèèjì. Ni mo bá pa á, mo tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, mo fi àtàǹpàkò dí ihò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún fa okùn. Afẹ́fẹ́ sílíńdà ìsàlẹ̀ ti ọwọ́ mi dànù. Òkè ò mí rárá, àfi bíi pé mo fọwọ́ dí imú òkú.

O ní sílíńdà kan tó láti gbé ẹ lọ gbé ẹ bọ̀. Bàbá náà sọ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ nìkan la rí. Ẹni iwájú tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n; ìwọ ò fẹ́ gbọ́n.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì yẹn dún, Màmá sáré jáde láìwọ bàtà, wọ́n ní, “Ṣé bàbá yín ti dé?”

Wọ́n ṣì jókòó ti dúrọ́ọ̀mù. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò dìde. Bá mi mú wọn wọlé.

Ẹ̀gbọ́n ẹ