Ẹsẹ̀ Tí Màámi Ń Nà

Màámi,

Ara mi le koko, ẹ má mikàn. Òtútù orí òkè yìí kàn ń bá mi ṣeré ni. Orúkọ àwọn ọmọ ni mo ń kọ sílẹ̀ fún àwọn dókítà tó wá tọ́jú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Lánàá, wọ́n ní kí n bá àwọn di ọmọ kan mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú bíi tèmi. Dókítà rọra na ẹsẹ̀ náà, ó fi báńdéèjì tó ń le bíi símẹ́ńtì wé e. Wọ́n ní tó bá tó oṣù méjì, á tọ́.

Màámi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe ń na tèmi láràárọ̀! Báńdéèjì nìkan ni kò sí. Ṣé kí n rẹ́rìn-ín ni, àbí kí n sunkún?

Ìyá ọmọ náà rí i pé mò ń tiro. Ó ní, "Ta ló tọ́jú tiyín?"

Mo ní, "Màámi ni." Mi ò tíì mọ̀ bóyá irọ́ ni mo pa.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Ẹ bá mi kí ọwọ́ yín méjèèjì.

Ọmọ yín