Màmá, Ẹ Fi Fóònù Amẹ́ríkà Yẹn Sílẹ̀

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ epo, ẹ kú èéfín, ẹ kú òòrùn orí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àbíjàn níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ọlọ́mọ tuntun kì í pẹ́ tó fi ń di ìjókòó. Mo kí Ìyá Sàúdátù tí ẹ jọ ń ṣe epo. Mo kí gbogbo àwọn ìyá tó wà nídìí epo ní Ìsúndunrin, lẹ́bàá Èjìgbò, àti àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú wọn, mo kí wọn. Mo kí àbúrò mi Ìsíákà tó ń ka ìwé yìí sí yín létí. Ìsíákà, kà á bí mo ṣe kọ ọ́ o. Má fo ibi kankan, má sì fi tìẹ kún un, mo mọ̀ ẹ́.

Ẹ má bínú pé mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde níbi tí gbogbo ará Èjìgbò, nílé àti lẹ́yìn odi, á ti rí i kà. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé dé ìta. Ṣùgbọ́n ìta ni wọ́n ti fi yín rẹ́rìn-ín, ìta náà ni mo fẹ́ ti sọ ọ́ pé fóònù tí mo rà ni kò dára. Kì í ṣe pé ẹ ò mọ̀ ọ́n lò.

Ara mi ò balẹ̀, Màmá. Bí mo bá jókòó, màá dìde. Bí mo bá dìde, màá tún wá ibi jókòó sí. Òjò Àbíjàn ti bẹ̀rẹ̀, kò sì mọ ìgbà tó yẹ kó dá, aṣọ ọmọ kì í gbẹ. Ìsọ̀ ìborùn mi ní ọjà Àjàmé, aládùúgbò mi tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí ló ń bá mi mójú tó o. Gàníyù ọkọ mi á ti gba ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ lọ láàárọ̀, á wá ku èmi àti ọmọ nínú yàrá, àwa méjèèjì á máa wo ara wa. Ká ní ilé la wà ni, ẹnì kan á wẹ̀ ẹ́, ẹlòmíràn á gbé e, wọ́n á ní kí n lọ sùn. Níhìn-ín, àwọn ará ilé wá lọ́jọ́ ìkómọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Mi ò bá wọn wí. Àárò yín ló kàn ń sọ mí.

Nígbà tí ọmọ bá wá ń ké ni wàhálà. Kí ni kí n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún? Ràfíátù tí Alfa sọ ọ́ dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi Ràfíátù nìkan gbé ọmọ jó? Ẹ̀yin náà kúkú ń pè mí ní Rìsíkátù bí mo bá ṣẹ̀ yín. Bí inú yín bá dùn sí mi, Àjọkẹ́ ni, orí mi á sì wú. Èwo ni ti ọmọ mi? Gàníyù ní ṣebí oríkì pọ̀ nílẹ̀, kí n máa pè é ní Àbẹ̀kẹ́ ná. Mo wò ó títí. Mo bi í pé ṣé fìlà ni, tí èèyàn á kàn mú èyí tó bá ti gba orí? Ó rẹ́rìn-ín. Èmi bú sẹ́kún, ọmọ náà bú sẹ́kún, ọkùnrin náà wá ń bẹ àwa méjèèjì.

Ìyá Gàníyù ti ṣaláìsí kó tó fẹ́ mi, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti sọ pé ẹ̀yin ni kí ẹ fún ọmọ ní oríkì. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa kò ṣàjèjì sí yín. Ìyá àgbà ló ń wo bí ọmọ ṣe wáyé, òun ló ń mú oríkì rẹ̀, etí ọmọ gan-an ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ọ kí ẹlòmíràn tó gbọ́. Ẹ sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá yín ṣe ṣe tèmi.

Ọ̀rọ̀ fóònù ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí mo wálé lọ́dún tó kọjá, mo bá yín nídìí epo, ẹ fi rọ́bà di fóònù tọ́ọ̀ṣì yín kí bátìrì rẹ̀ má baà já bọ́. Síìmù méjì ló ń gbà. Ọ̀kan ni ti Èjìgbò tí gbogbo ayé mọ̀. Èkejì ni ẹ̀ ń pè ní síìmù oko, torí òun nìkan ló ń rí nẹ́tíwọ̀kì dáadáa níbi tí ẹ ti ń ṣe epo. Kò sí ìgbà tí mo pè yín tí mi ò bá yín. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìyá ará Àbíjàn ń lo fóònù onírọ́bà. Ẹ̀yin bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú bí mi. Mo ní ó dáa, wọ́n á rí i.

Bí mo ṣe padà dé ibí, mo ra fóònù gbàǹgbà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán bíi dígí. Ẹni tó tà á ní Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, bí wọ́n bá ti dárúkọ Amẹ́ríkà, a kì í bèèrè nǹkan kan mọ́. Mo fi píìsì mi sí i, bí àwọn ará ibí ṣe ń pe síìmù nìyẹn, mo fi pè yín láàárín ọjà, ohùn yín dún gbàgà. Mo ní háà, fóònù rèé! Mo dì í, mo fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Èjìgbò. Àṣìṣe mi nìyẹn, Màmá. Àbíjàn ni mo ti dán an wò, Ìsúndunrin ni mo rán an lọ.

Ó dọ́wọ́ yín, síìmù kan ṣoṣo ló ń gbà. Ẹ fi ti Èjìgbò sí i, ẹ so síìmù oko mọ́ etí ìró. Nínú ayọ̀, ẹ mú fóònù tọ́ọ̀ṣì, ẹ fi ta Ìyá Sàúdátù lọ́rẹ. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti kúrò ní ìgboro Èjìgbò, a ò rí yín bá sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n fi síìmù oko sí i, kò rí nǹkan kan. Àwọn ìyá ní ọwọ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ohun tí ọmọ yín rà kò dára.

Lọ́jọ́ ìkómọ, ẹ rìn dé abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí fóònù yẹn ti máa ń rí nẹ́tíwọ̀kì fẹ́ẹ́rẹ́. Mo pè, ó wọlé! Gbogbo yàrá hó yèè. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wa. Ẹ kí mi kú ewu, ẹ kí ọkọ mi, ẹ kí Alfa, ẹ bèèrè onílé wa tí ẹ ò rí rí. Ẹ bọ́ sórí àdúrà, à ń ṣe àmín. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé nẹ́tíwọ̀kì ò ní dúró dè wá, ṣùgbọ́n ta ló bí mi dáa tí màá já àdúrà mọ́ ìyá mi lẹ́nu? Nígbà tó yá, ẹ ní ká gbé fóònù sí etí ọmọ. A gbé e síbẹ̀. Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. A rò pé ẹ ń sọ ọ́ sí i létí jẹ́jẹ́. Ó pẹ́ kí n tó gbé fóònù náà wò. Ó ti já.

A tún pè títí, kò wọlé mọ́, a ò sì mọ̀ bóyá kí ẹ tó sọ ọ́ ló já ni, àbí lẹ́yìn tí ẹ sọ ọ́ tán. Alfa fi ṣe àwàdà, ó ní bóyá ọmọ ti gbọ́ tirẹ̀, àwa ni kò tíì lè sọ ọ́ fún. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ẹnu ọmọ yìí.

Mo rán Ìsíákà sí yín pẹ̀lú fóònù tirẹ̀. Ó gba síìmù oko lọ́wọ́ Ìyá Sàúdátù tó ń bá yín tọ́jú rẹ̀, ó fi sí i, nẹ́tíwọ̀kì kún fọ́fọ́, ó sì pè mí. Ẹ kọ̀, ẹ ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn yín lẹ́yìn, ẹ ń pariwo pé kí ló ṣe èyí tí ọmọ yín rà fún yín, pé ẹ ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ lórí rẹ̀, bí ẹ bá sì máa tún un sọ, orí rẹ̀ náà ni. Màmá, mo mọ̀ pé èmi kọ́ lẹ̀ ń pariwo mọ́. Àwọn ìyá nídìí epo lẹ̀ ń jẹ́ kó gbọ́. Ẹ gbèjà mi títí oríkì ọmọ mi fi há sọ́nà.

Ìgbà yẹn ni mo gbé ọmọ pọ̀n, mo lọ bá Bùràímọ̀, ọmọ ìlú Másífá tó ń tún fóònù ṣe ní Àjàmé. Ó kọ́kọ́ bú mi pé kí ló dé tí mi ò bi òun kí n tó ra fóònù. Ó ní ọ̀nà tí òpó nẹ́tíwọ̀kì ń gbà bá fóònù sọ̀rọ̀ nínú afẹ́fẹ́ pọ̀, bándì ni wọ́n ń pè é. Òpó ìgboro lè ní oríṣiríṣi, ti oko lè má ju ẹyọ kan lọ. Fóònù tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà yẹn kò ní bándì tí òpó apá ọ̀dọ̀ yín ń lò. Ẹ rántí rédíò Bàbá mi tí kò ní FM? Ẹ̀ ń ra bátìrì tuntun sí i, ẹ̀ ń na irin rẹ̀ sókè, ẹ ò sì gbọ́ ilé iṣẹ́ FM kankan rí. Ohun tó ṣe fóònù yẹn nìyẹn. Kò sí ọwọ́ tó lè tẹ̀ ẹ́ dáadáa.

Ẹ̀yin ará Èjìgbò tí ẹ̀ ń ka èyí, ẹ gbọ́ o. Ibi tí fóònù ń lọ ni kí ẹ wò, kì í ṣe ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ bi ará ilé pé síìmù wo ló ń ṣiṣẹ́ lóko wọn. Ẹ wo nọ́ńbà módẹ̀lì fóònù náà, torí méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí bándì inú wọn yàtọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n fi wé ti nẹ́tíwọ̀kì náà. Ẹ rí i dájú pé wọn ò tì í mọ́ nẹ́tíwọ̀kì kan. Ẹ ṣí ojú síìmù rẹ̀ wò, kí ẹ má fi olójú kan rọ́pò olójú méjì fún ìyá yín bí mo ṣe ṣe.

Màmá, Bùràímọ̀ ti bá mi yan òmíràn. Awakọ̀ kan náà ló gbé e bọ̀, Ìsíákà á mú un wá. Kò tóbi, ẹ̀yìn rẹ̀ ò dán, síìmù méjì ló ń gbà, bándì oko yín sì wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ti Amẹ́ríkà yẹn sílẹ̀. Kò ní dùn mí. Ẹ fún Ìsíákà kó máa fi wo bọ́ọ̀lù ní ìgboro.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Epo yín á tà, orúnkún yín á le, ojú wa á tún rí ara wa láyọ̀. Mo ṣe gbogbo ìkíni àti àdúrà síbí torí mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Bí mo bá pè sórí fóònù tuntun yẹn, ẹ má kí mi. Ẹ má bèèrè ọkọ mi, ẹ má bèèrè onílé. Mi ò ní sọ hàló. Etí Ràfíátù lẹ máa bá lórí fóònù. Ẹ sọ tirẹ̀ fún un. Bí ẹ bá sọ ọ́ tán, kí ẹ wá ké Àjọkẹ́ sókè, kí n lè mọ̀ pé ó ti gbọ́, pé ó ti kàn mí láti gbọ́.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí,
Rìsíkátù Àjọkẹ́