Ìlà Keje Nínú Fọ́ọ̀mù

                                        Ilé Àkànmú,
                                        Ẹ̀yìn Ọjà,
                                        Ìlobù.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, Oṣù Kẹrin, 1995.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Àǹtí Hàfúsátù,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ara yín ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí ẹ wá sílé lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ti gba ìtọ́jú? Bàbá Jàlálù ńkọ́? Jàlálù fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń fi ọwọ́ òsì kọ̀wé, àbí ẹ ti gbà fún un? Ooru Ìlọrin á ti máa mú yín gan-an báyìí. Níbí, òjò ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àwọn èèyàn sì ti ń kọ ebè. Màmá mi gba dàbínù tí ẹ fi ránṣẹ́ lásìkò ààwẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n ní kí n kọ̀wé dúpẹ́, oṣù méjì sì ti kọjá. Ẹ má bínú sí mi. Ohun tó fà á ni mo fẹ́ ròyìn.

Ẹ rántí pé ọ́fíìsì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ l'Óṣogbo gbé ìlànà kan wá fún àwọn jẹ́lé-ó-sinmi. Kò ṣòro ó ṣàlàyé: kí ọmọ ọdún mẹ́ta sí márùn-ún máa fi eré kẹ́kọ̀ọ́. Kò sí kíké A, B, D látàárọ̀ dọ̀sán, kò sí pàṣán. A kó iyanrìn, bàsíà omi, àjákù pákó tí káfíńtà ń sọ nù àti agolo mílíìkì òfìfo fún wọn. Ọmọ á yan èyí tó wù ú, olùkọ́ á sì máa rìn láàárín wọn, á máa bi wọ́n ní ìbéèrè. A fi ọdún kan dán an wò ní kíláàsì méjì, ọ̀kan níbí ní Ìlobù, ọ̀kan ní Ìfọ́n. Nígbà tí ọdún pé, àwọn ọ̀gá ní agbára àwọn ò ká ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó bá ń tẹ̀ lé ìlànà náà dáadáa jù ló máa dúró, wọ́n á sì ti èkejì pa. Èmi ni wọ́n rán pé kí n lọ wò wọ́n, kí n fún wọn ní máàkì.

Ìlà mẹ́wàá ló wà nínú fọ́ọ̀mù náà, máàkì mẹ́wàá fún ìlà kọ̀ọ̀kan. Òyìnbó ló kọ́kọ́ kọ ọ́, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìlà keje sọ pé: "Nígbà tí àlejò bá wọlé, àwọn ọmọ kò dá eré wọn dúró." Mo ti ka ìdí rẹ̀ nínú ìwé bíi mẹ́ta. Wọ́n ní ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wà nínú ohun tó ń ṣe kì í fò dìde nítorí ẹni tó yọjú, pé ọmọ tí ẹ̀rù ń bà ló máa ń fò dìde. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọjá sí ìlà kẹjọ. Èmi tí màmá mi máa ń gbá lórí bí mo bá pẹ́ kí n tó kúnlẹ̀, kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. A fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ sí olùkọ́ méjèèjì ṣáájú, kí wọ́n lè mọ ohun tí a máa wò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta ni mo lọ sí ti Ìlobù. Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún ni olùkọ́ ibẹ̀. Ó fi ọdún méjì ṣíwájú mi ní ilé-ìwé, ẹ máa mọ̀ ọ́n bí ẹ bá rí i. Mo wọlé, ọmọ kankan ò mira. Ọmọ méjìdínlọ́gbọ̀n, kò sí ẹni tó wo ojú mi. Ọwọ́ wọn wà nínú iyanrìn. Olùkọ́ wọn dúró ti ògiri, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo fún wọn ní mẹ́wàá lórí ìlà keje. Mo rí i pé iyanrìn náà ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n kò sí ìlà tí mo lè kọ ìyẹn sí.

L'Ọ́jọ́bọ̀ mo lọ sí Ìfọ́n. Rísíkátù ni olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kí n tó fi ẹsẹ̀ kejì wọlé, gbogbo agolo ti dún sílẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọmọkùnrin dọ̀bálẹ̀, ọ̀kan nínú wọn dọ̀bálẹ̀ sínú omi tó fọwọ́ ara rẹ̀ dà. "Ẹ káàárọ̀, mà!" Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Munirah gbé àpótí wá fún mi.

"Ẹ jókòó, mà. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Rárá o."

"Ẹ̀wà wà ńlẹ̀. Ẹ dúró, kò tíì jinná." Ó tẹ̀ ba, ó ń fẹ́ iná tí kò sí.

"O ò fi iyọ̀ sí i," ẹnì kejì rẹ̀ wí.

"Iyọ̀ ti wọ́n!"

Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n gbàgbé mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pé agolo omi mélòó ló yẹ kó lọ sí ẹ̀wà agolo kan, wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń kà á, ẹnì kan ń bínú pé wọ́n ti ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ìlànà náà ń wá gan-an nìyẹn. Àmọ́ wọ́n ti dá eré dúró nítorí àlejò. Mo kọ òdo sí ìlà keje.

Olùkọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Rísíkátù wò ó títí.

"Òdo kẹ̀? Kí ni wọ́n ṣe, mà?"

Mo ní wọ́n dìde.

"Wọ́n kí yín ni!"

"Ṣé o ka ìlà náà ṣáájú?"

"Mo kà á. Mo rò pé àlejò tí kì í ṣe àgbà ni wọ́n ń sọ." Ó mú bírò. "Ẹ wò ó, mà, bí mo bá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kó má kí yín, ìyá rẹ̀ á ti dé ibí kí ilẹ̀ tó ṣú." Ó fọwọ́ sí i.

Mo ro máàkì pọ̀. Ìlobù gba mọ́kànléláàádọ́rin, Ìfọ́n gba mẹ́rìndínláàádọ́rin.

L'ọ́jọ́ Ẹtì, mo pàdé Ìyá Àgbà Mọ́ríátù lọ́nà, wọ́n fa ọmọ ọmọ wọn lọ́wọ́, Múdàṣírù, tó wà ní kíláàsì Ìlobù. Wọ́n ní kó kí mi. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀.

"Ṣé etí ẹ di ni? Dọ̀bálẹ̀!"

Ló bá bú sẹ́kún. "Àǹtí wa ní ẹni tó bá kí wọn, àwọn máa lé e lọ. Kò ní wá ṣeré mọ́."

"Ẹni tó bá kí ta ni?"

Ó nawọ́ sí mi. Ìyá Àgbà wò mí látòkè délẹ̀. "Dọlápọ̀sí, irú ìwé wo lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí? Ìwé àìkí-èèyàn?"

Mo gba ilé Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún lọ. Kò jiyàn, ojú ò sì tì í.

"Ìwọ lo kọ ọ́, èmi kọ́. Ẹ ní kí wọ́n má dìde, mo ní kí wọ́n má dìde. Ọ̀nà wo ni kí n fi sọ ọ́ tí ọmọ ọdún mẹ́rin á fi gbọ́?" Nígbà tí mo ń lọ, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà. "Ọmọ Ìlobù ni ẹ́ o, Dọlápọ̀sí."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ bí ìjà ilẹ̀ ṣe wà láàárín ìlú méjèèjì. Bí mo bá fi máàkì náà sílẹ̀ bó ṣe wà, àwọn ará Ìfọ́n á ní ọmọ Ìlobù ló ṣe é. Bí mo bá yí i, àwọn ará ilé wa á ní mo tà wọ́n. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Bámigbóyè, ní fọ́ọ̀mù ni kó sọ̀rọ̀, wọn ò ní kí èmi sọ̀rọ̀. Nínú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ sí, ìbéèrè kan náà ni mo kọ fún ọjọ́ mẹ́ta: ṣé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ Ìfọ́n ló wù mí, àbí kíkúnlẹ̀ tí wọ́n kúnlẹ̀ fún mi? Títí di òní mi ò lè búra.

Níkẹyìn, mo fagi lé ìlà keje fún ìlú méjèèjì. Ìlobù ku mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú àádọ́rùn-ún, Ìfọ́n dúró sí mẹ́rìndínláàádọ́rin. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Èmi tí mo túmọ̀ ìlà yìí ni mo fagi lé e. Kò wọn ohun tó ní òun ń wọ̀n. Ọmọ Ìlobù ni mí." Ọ̀gá kà á, ó mí kanlẹ̀, ó sì fi ránṣẹ́.

Wọ́n mú Ìfọ́n. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni wọ́n ti kíláàsì Ìlobù pa. Ìyáàfin Ọlátúnbọ̀sún kì í kí mi mọ́ bí a bá pàdé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe tíṣà fún ogún ọdún, ẹ kọ̀wé sí mi, kí lẹ bá ti ṣe?

Màmá mi ní kí n kí yín dáadáa, kí n sì sọ pé dàbínù náà dùn. Ẹ bá mi kí Bàbá Jàlálù àti gbogbo ará ilé. Ẹ sọ fún Jàlálù pé kó máa fi ọwọ́ tó bá wù ú kọ̀wé.

Múdàṣírù ti ń tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń lọ gbágùúdá. Ibẹ̀ ni mo máa ń gbà kọjá láràárọ̀ bí mo bá ń lọ wọ mọ́tò Òṣogbo. Á ti máa to òkúta sínú eruku. Bó bá ti rí mi, á fi í sílẹ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á kígbe "Ẹ káàárọ̀, mà!" débi pé àwọn tó ń yan gààrí á bojú wẹ̀yìn. Ẹ̀rù ò bà á. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni lè lé e kúrò mọ́.

Àbúrò yín ni mí níbikíbi tí mo bá wà,
Dọlápọ̀sí Àkànmú.