Ọkọ̀ Tí Kò Bá Ẹnikẹ́ni Jà

Ìdí-Ẹ̀gbà, létí omi,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Elijah, ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara rẹ le? Ṣé òùngbẹ kò gbẹ ọ́ ní Effurun níbi tí wọ́n ti ń fi owó ra omi mu? Ọlọ́run tó mú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì la òkun já kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ rì. Ibi tí wọ́n bá ti ń wá ènìyàn rere, ìwọ ni wọn yóò rí. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Ẹ̀yìn ń dùn ún díẹ̀, àmọ́ ó ṣì ń lọ yẹ àwọ̀n wò láràárọ̀. Pẹ́pẹ́yẹ rẹ ti pa ọmọ mẹ́fà.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, pé n kò pè ọ́ lórí fóònù. Fóònù tí o rà fún mi ń bẹ, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ gidigidi. Kí ìrì omi má bàa wọ inú rẹ̀, òkè ààrò ẹja ni mo ń gbé e kọ́ sí, láàárín àwọn ṣàwá, ó sì máa ń gbẹ dáadáa. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí tí kò sọ̀rọ̀. Bàbá rẹ ní mo ti yan án. Mo ní n kò yan án, ó kàn ń sinmi ni.

Ọ̀rọ̀ ayọ̀ ló mú mi kọ̀wé yìí, mo sì ń kánjú, nítorí náà bí o bá rí ibi tí mo ti fo lẹ́tà, fi í sí i fúnra rẹ. O rántí ìgbà tí mo wá kí ọ lóṣù tó kọjá, tí o mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà Ọlámijí, ọ̀rẹ́ rẹ ọmọ Ìjẹ̀bú, ní Edjeba nínú ìlú Warri. Èmi rò pé ìwé lásán lẹ máa ń tẹ̀ níbẹ̀, àṣé inú òkun lẹ wà. Mo fi ojú ara mi rí òkun nínú àpótí yẹn, ìgbì ń ru, ọ̀run ṣú, ìwọ sì wà nísàlẹ̀ omi nínú ọkọ̀ irin, o ń fi awò gígùn yọjú wo òkè. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn àpótí náà bóyá omi ń jò, ó gbẹ, ó kàn gbóná ni. Mo bi ọ́ pé ta ló gbé iṣẹ́ ńlá báyìí fún ọ, o ní, Màámá, géèmù ni. Mo ní kí Ọlọ́run bùkún Ọ̀gá Géèmù, ẹni tó lè gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́. Ikọ́ gbé Ọlámijí, ó sáré jáde.

Mo tún bi ọ́ pé báwo lo ṣe ń mọ ọkọ̀ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọkọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, o sì fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. O ní àsíá ni èèyàn máa kọ́kọ́ wò. O ní àsíá a máa purọ́ nígbà mìíràn, nítorí náà kí èèyàn wo ara ọkọ̀ náà, ibi tí èéfín ti ń jáde àti iye òpó tó dúró lórí rẹ̀, kó fi wé àwòrán inú ìwé. Kó wo bó ṣe jókòó nínú omi, bóyá ó ru ẹrù tàbí òfìfo ni. Kó wo ìrìn rẹ̀. O ní bí kò bá sì dá a lójú síbẹ̀, kó sún mọ́ ọn, torí ọta abẹ́ omi kì í gbọ́ ìpè bó bá ti lọ tán.

Ibi tí o ti ń kọ́ mi lọ́wọ́ lo ti yin ọta náà lu ọkọ̀ kan, ó sì rì, ló bá di pé ọkọ̀ àwọn tí kò sí nínú ìjà ni. Kọ̀ǹpútà bá ọ wí, ó gé máàkì rẹ, o kàn rẹ́rìn-ín. Elijah, èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Mo gbé ọ̀rọ̀ àwọn ará inú ọkọ̀ náà lọ síwájú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, a sì gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún wọn. Bí o bá mọ iye àwọn tó wẹ̀ jáde, jọ̀wọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́.

Ó yá, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ìjà àwọn ẹ̀yà ní Warri ti tún gbóná, tí wọ́n ń jó ilé káàkiri etí omi, ọkàn ẹnikẹ́ni kò balẹ̀ mọ́. Àwa Ìlàjẹ kò sí nínú rẹ̀, àmọ́ ọta ìbọn kì í béèrè èdè tí èèyàn ń sọ. Ìdí nìyẹn tí Akínsànmí, olórí àwọn ọ̀dọ́ wa, fi kó ọkùnrin mọ́kànlá jọ sórí afárá pákó, pẹ̀lú ìbọn ṣakabùlà.

Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ kan yọ níbi tí odò ti yà, ọkọ̀ funfun gígùn, ẹ́ńjìnnì méjì lẹ́yìn, irú èyí gan-an tí àwọn oníjà fi ń rìn káàkiri. Akínsànmí ní kí gbogbo obìnrin wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní bí ọkọ̀ náà bá ti kọjá òpó àwọ̀n Bàbá Bímbọ́lá, kí wọ́n yìnbọn.

Gbogbo èèyàn sá. Èmi náà fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí o kọ́ mi sọ sí mi lọ́kàn, ni mo bá gun àkàbà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ká ọwọ́ mi méjèèjì bí awò gígùn, mo gbé e sójú. Mo wá àsíá, kò sí. Mo wo ara rẹ̀, ara ọkọ̀ oníjà ni lóòótọ́. Ni mo wá wo bó ṣe jókòó. Elijah, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí rẹ̀. Oníjà wo ni yóò ru ẹrù tó báyìí lọ sójú ìjà? Ó sì ń bọ̀ jẹ́jẹ́, tààrà, bí obìnrin tó ru ìkòkò omi kíkún. Mo rí nǹkan kan tó nà sókè láàárín rẹ̀ bí ìbọn mẹ́rin, mo tẹ ojú mọ́ ọn títí, tábìlì ni, tábìlì tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sókè.

Mo kígbe láti orí àkàbà pé ọkọ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ni. Akínsànmí ní, Ìyá Elijah, ẹ sọ̀kalẹ̀, ṣé ẹ kò rí ẹ́ńjìnnì méjì ni, àwọn wọ̀nyí máa ń fi ẹrù bojú. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní kò dá òun lójú, àmọ́ ẹni tó bá dúró títí yóò fi dá a lójú ni wọ́n ń sin. Mo ní wọn kì í ṣe é bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, bí kò bá dá ènìyàn lójú, sísún mọ́ ọn ló kù. Kó tó fèsì, mo ti wà nínú ọkọ̀ kékeré tí mo fi ń ta edé. Bàbá rẹ rí mi. Ó ní ṣé orí mi ti dàrú ni, ó bú mi, ó bú àwọn ará ilé wa, ibi tó ti ń bú wa lọ ló ti fò sínú ọkọ̀, ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ń wà á lọ.

Báyìí ni a ṣe wà láàárín ìbọn Akínsànmí àti ọkọ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé ẹ̀rù bà mí. Mo tọ̀ sára díẹ̀, má sọ fún Ọlámijí.

Nígbà tí a dé ibi tí ohùn lè dé, mo bi awakọ̀ náà bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, mo ní àsíá orílẹ̀-èdè wo lẹ gbé? Ó wò mí títí. Ó ní, Mama, we no carry flag, na pikin we carry. Òótọ́ ló sọ, ọmọdé ló kún inú ọkọ̀ náà, wọ́n sùn lé ara wọn bí edé nínú agbọ̀n, àwọn ìyá wọn jókòó yí wọn ká. Obadiah ni orúkọ awakọ̀ náà. Wọ́n ti jó abúlé wọn. Ó ní àwọn oníjà so ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ wọ́n lọ jẹun, ni òun bá tú u. Patience ìyàwó rẹ̀ wà nídìí tábìlì, ó di ọ̀kan nínú ẹsẹ̀ tábìlì náà mú gírígírí, ìrọbí ti mú un.

Bàbá rẹ dìde nínú ọkọ̀, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ń fì í sókè sí Akínsànmí títí a fi kó wọn gúnlẹ̀. Akínsànmí gbé ìbọn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbé àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi gbé wọn tán, lẹ́yìn náà ló jókòó sórí pákó. Ó ní, Ìyá Elijah, ìka mi ti kan ibi tí wọ́n ń fà. Mo ní mo mọ̀. Patience bímọ kí ọ̀sán tó pọ́n, lórí ẹní rẹ, nínú yàrá rẹ. Obìnrin ni, ó sì ní ohùn lẹ́nu.

Ọjọ́ kejì ni àwọn sójà orí omi wá wo àwọn tó sá dé. Ọ̀gá wọn bi mí pé ta ló kọ́ mi ní irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Mo ní ọmọ mi tó wà nínú ọkọ̀ abẹ́ omi ní Edjeba ni. Ó ní kò sí omi ní Edjeba tó gba ọkọ̀ abẹ́ omi. Mo ní inú àpótí ni omi náà wà. Ó ní abẹ́ ta ni ọmọ mi ti ń ṣiṣẹ́, mo ní abẹ́ Ọ̀gá Géèmù. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní òun mọ Ọ̀gá Géèmù dáadáa, pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun òun ló wà lábẹ́ rẹ̀, pàápàá nígbà tí iṣẹ́ bá wà nílẹ̀.

Ọmọ mi, ẹnu ti pọ̀ nílé báyìí. Gààrí ti ń tán, aṣọ kò sì ká àwọn ọmọ náà. Fi owó ránṣẹ́, èyí tí agbára rẹ bá ká, má ṣe yáwó. Kí o tún dé ọ̀dọ̀ Wúlẹ̀mọ̀tù tó ń ta aṣọ ní Deco Road, sọ fún un pé èmi ni mo ní kó wá aṣọ ọmọdé tí kò tà fún wa. Ra oògùn ibà. Ra ọṣẹ.

Obadiah fúnra rẹ̀ ló mú ìwé yìí wá bá ọ. Òun ló dúró síwájú rẹ yẹn. Ìyá rẹ̀ sọnù lọ́jọ́ tí wọ́n sá, ó sì gbọ́ pé wọ́n kó àwọn àgbàlagbà kan wá sí Effurun. Fún un lóúnjẹ kó tó sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ jọ wá a. Bí àwọn tí ẹ jọ ń gbé bá bi ọ́ pé apá ibo ló ti wá nínú ìjà yìí, sọ fún wọn pé o kò mọ̀. Kì í ṣe irọ́, èmi náà kò mọ̀. Bàbá rẹ fẹ́ bi í lẹ́ẹ̀kan nídìí oúnjẹ, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. O kò ní sá fún ìjà tí o kò dá sílẹ̀. Bó bá sì di ọjọ́ kan tí o ń sá, ilẹ̀kùn tí o bá kàn yóò ṣí kó tó bi ọ́ pé ọmọ ta ni ọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
Jemima Olúsànmí.