Àpọ́n Tíṣà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta
Aláriwo parí iṣẹ́! Orúkọ tí mo sọ kọ̀ǹpútà tó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi nìyẹn. Òdo ló kù nínú ìṣirò rẹ̀. Tauno, Tíṣà mi, fi ọwọ́ egungun rẹ̀ dì mí mú. "Irja, a ti mú un. Àpọ́n ni."
Àpọ́n — nọ́ńbà tí ohunkóhun ò lè pín dọ́gba àfi ẹyọ kan àti òun fúnra rẹ̀. Tiwa rèé: éjì lọ́nà éjì, lọ́nà éjì, títí lọ bí ọ̀rọ̀ wèrè, kí a wá yọ ẹyọ kan. Ilé yìí ò lè gba ìwé tí a máa kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
A ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Àṣà àwọn ọdẹ nọ́ńbà nìyẹn: ẹlòmíì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tirẹ̀ ṣe é látìbẹ̀rẹ̀, kí òun náà rí òdo. Aatos, ọmọ tí Tíṣà kọ́ nílé ìwé, ti gbà láti ṣe é ní ìlú Oulu. Ó ní kò ní ju bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì ní kí n má ka ọ̀sẹ̀ mọ́, ọjọ́ ni kí n máa kà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7
Ọbẹ̀ ẹja — Tíṣà kàn tọ́ ọ wò ni. Ó béèrè bóyá Aatos ti pè.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ara rẹ̀ yá díẹ̀. Ó tún ṣàlàyé fún mi: bẹ̀rẹ̀ láti ẹẹ́rin, fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, yọ éjì, fi Àpọ́n wa pín in, mú èyí tó kù, tún un ṣe. Bí òdo bá kù níkẹyìn, àpọ́n ni. Bí nǹkan bá kù, kì í ṣe àpọ́n.
Mo ní ṣé a máa wá mọ ohun tó pín in ni?
"Rárá o! Wàá mọ̀ pé ó ní alájọgbé, o ò ní mọ orúkọ wọn."
Mo ní òfófó àdúgbò wa gan-an nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.

Ọjọ́rú, 12
Aatos pè mí nígbà tí mò ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ forí jì mí, mà. Nǹkan kù." Ó ní á jẹ́ pé ibi ìrántí Aláriwo, níbi tó ń tọ́jú ìṣirò sí, ló bàjẹ́, ló bá sọ gbogbo ìṣirò di òdo. Ṣé kí òun sọ fún Tíṣà? Mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi.
Màá purọ́. Ta ni í fi òótọ́ lé ẹni tó ń kú lọ?

Ọjọ́bọ̀, 13
Mo gbé kọfí wọlé, irọ́ ti wà létè mi. Ó wo ojú mi. "Kí ló kù?"
Irọ́ ò jáde. "Nǹkan kù, Tíṣà."
Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun. Ó nu ojú rẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe àpọ́n nígbà náà. Ó ní ẹnìkan." Ó fọwọ́ lu bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo sùn tì í. Kọfí tutù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Tíṣà lọ láàárọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 23
Aatos wá. Ó fẹ́ gbé Aláriwo lọ kí n lè rí ìsinmi. Mo ní kó tún un ṣe, kó fún un ní nọ́ńbà mìíràn. Ó ti ń hó báyìí; ọ̀dọ̀ Aatos ni èsì rẹ̀ máa lọ.
Mo sọ fún Aatos pé bí àpọ́n bá ni, kó má pè mí. Bí nǹkan bá kù, kó pè, kí n gbọ́ pé ó ní ẹnìkan.